Ológbò Tó Gun Orí Ọdẹ́jìnmí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó gbé ẹja mì ní kọ̀rọ̀, ológbò ni yóò kí i ní gbangba? Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó lọ sùn sílé ẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Ìdílé wọn kì í jẹ ẹja. Wọ́n ní ẹja ló gbé bàbá ńlá wọn sọdá odò lọ́jọ́ ogun, pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ nínú wọn kò gbọdọ̀ jókòó lórí àga Mọ́gàjí láéláé. Àga náà sì ṣófo. Ọdẹ́jìnmí ló kàn, ó ń wò ó bí ajá ṣe ń wo eegun.

Ṣùgbọ́n ẹran ọlọ́ràá àti dùndú ti ba ara ẹ̀ jẹ́. Bó bá gun òkè díẹ̀, a máa mí hẹlẹ. Ìyàwó ẹ̀, Àwẹ̀ró, tó ń ta awúsá sísè lẹ́bàá títì, wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rá burúkú ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, pé ọ̀rá tó ń ṣe ọkàn lóore ló kù tí kò ní, inú ẹja ló sì pọ̀ sí. Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe gbọ́ ẹja báyìí, ó dìde, ó ní òun ti gbọ́. Àwẹ̀ró ló dúró gbọ́ ìyókù.

Ẹ̀rù ikú ń bà á, ojú sì ń kán an láti jókòó lórí àga. Ó yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ó ra epo ẹja oníhóró, èyí tó ń dán bíi wúrà. Ó bá ara ẹ̀ rò ó: ẹja ní ìpẹ́, ẹja ní eegun, ẹja lójú. Èyí ò lójú, kò lè jẹ́ ẹja. Wọ́n ní kó máa lo ẹyọ kan lóòjọ́. Ó ń gbé ẹ̀kúnwọ́ mì.

Ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti gùfẹ̀, gbogbo yàrá a máa rùn bí etí odò. Àwẹ̀ró bi í, ó ní ẹ̀pà lòun jẹ. Ológbò àdúgbò ń tẹ̀ lé e dé ilé ìgbẹ́, níbi tí epo náà ti sọ ọ́ di onílé. Ó fi oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí, ológbò fa ìrọ̀rí ya, ó tún gé náílọ̀nù oògùn jẹ. Ọdẹ́jìnmí bá kó ìyókù, ó rọ ọ́ sínú fìlà, ó dé e mọ́rí.

Ọjọ́ oyè pé. Àṣà wọn ni pé ẹni tó fẹ́ joyè yóò dúró lójú oòrùn, kò gbọdọ̀ ṣí fìlà, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú, títí yóò fi búra tán. Oòrùn ọjọ́ náà ò ṣeré rárá. Nínú fìlà, hóró bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

"Ẹnu mi mọ́," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹja ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá."

Ó bá gùfẹ̀.

Àwọn àgbà wo ara wọn. Epo rọra ṣàn wá síwájú orí ẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú. Kò gbọdọ̀ nù ún. Bàbá Ọ̀jẹ́dìran, àgbà ẹbí, ní ológbò kan tó ti darúgbó, tí eku ń fò kọjá níwájú ẹ̀ tí kì í ṣíjú. Ológbò yìí ló dìde. Ó nara. Ó ní, "Miáù." Kí ẹnikẹ́ni tó mira, ó ti gun agbádá, ó dé èjìká, ó fa fìlà sọ nù, ó wá ń lá orí Ọdẹ́jìnmí bí ẹni ń lá àwo ọbẹ̀. Hóró fọ́n ká ilẹ̀.

"Kí lèyí, Ọdẹ́jìnmí?" ni Bàbá Ọ̀jẹ́dìran bi í.

"Oògùn ọkàn ni, bàbá."

"Mo gbọ́. Ṣé ọkàn ń dun ológbò mi náà ni?"

Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́, ó kọjú sí ọkọ ẹ̀. "Bàbá Fádèyí, torí ọ̀rá yẹn lẹ ṣe ru ẹja? Nọ́ọ̀sì ní ó wà nínú awúsá náà. Awúsá tí mò ń tà. Ẹ ò dúró gbọ́."

Àbúrò ẹ̀ ni wọ́n gbé àga fún. Ìdí igbá awúsá ìyàwó ni Ọdẹ́jìnmí ń jókòó sí báyìí, ó ń pa á, ó ń jẹ ẹ́, bó bá sì mumi lé e, ẹnu ẹ̀ a korò bí ewúro. Ẹni tó ń kọjá á ní, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá." Ológbò á ní, "Miáù."

Ẹni tó gbé ẹja mì ní kọ̀rọ̀, ológbò ni yóò kí i ní gbangba.