Láyíwọlá, Kànmbí àti Ohùn Inú Ámúpù

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, 'A lè yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kí iná má tíì kúrò lára ẹ̀rọ'? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín. Ẹnì kan níwájú níbẹ̀ yẹn tiẹ̀ ti fẹ́ bi mí pé ìgbà wo làwọn àgbà mọ iná mànàmáná tí wọ́n ń fi í pòwe. Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá ti hu ewú, tó sì ti jókòó sínú òkùnkùn retí iná títí oorun fi gbé e lọ, àgbà ni.

Télọ̀ kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìkìrun, Láyíwọlá lorúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè rán bùbá bíi tirẹ̀ ládùúgbò náà. Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ni aṣáájú orin ní ìjọ wọn, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé láti gbọ́ ọ. Láyíwọlá fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é, owú ni. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, owú ọkùnrin le ju ti obìnrin lọ. Obìnrin a máa sọ tirẹ̀ síta, ọkùnrin a gbé tirẹ̀ mì, a wá máa pè é ní sùúrù.

Nítorí Kànmbí ni Láyíwọlá ṣe ń jowú, ọkùnrin tó ń tún rédíò àti ámúpù ṣe. Kànmbí ti fẹ́ Ìbídùn sọ́nà rí. Ó wá lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, Ìbídùn sì fẹ́ ẹni tó wà nítòsí. Nígbà tí Kànmbí padà dé, ìjọ ní kó wá máa bójú tó ámúpù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbóhùn sókè. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn Láyíwọlá ti kúrò ní ìbàlẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé tí àwọn akọrin bá ń ṣe ìdánrawò, á máa wo Kànmbí bó ṣe ń gbé máìkì sókè, tó ń gbé e sísàlẹ̀, kó lè bá ẹnu Ìbídùn dọ́gba. Bí wọ́n bá délé, á bi ìyàwó rẹ̀ pé ṣé àwọn akọrin tó kù ò lẹ́nu ni. Ó rán aṣọ akọrin fún un, ó gbé kọ́là rẹ̀ sókè débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó nímú. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ lọ wọ ẹgbẹ́ akọrin. Ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fepo sí lára. Àwọn akọrin fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ gbàdúrà fún ẹgbẹ́ náà nílé.

Ọ̀rọ̀ náà sú Ìbídùn. Ó mú ọkọ rẹ̀ dé iwájú bàbá rẹ̀, Bàbá Ajíbóyè, àgbẹ̀ arúgbó tí kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láyíwọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó búra pé òun ti yọ ọ̀rọ̀ Kànmbí kúrò lára òun pátápátá. Bàbá ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òun bá tún gbọ́ pé owú yìí gbérí, Ìbídùn á kó ẹrù rẹ̀ padà wá sílé òun, tòun ti Jókẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Láyíwọlá pa á mọ́ra. Bí Kànmbí bá kí Ìbídùn, á gbé e mì. Bí Kànmbí bá yìn ín pé ó kọrin dáadáa, á gbé e mì, á sì tún rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ kan, ó rán apá bùbá mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà, ó ní àṣà tuntun ni. Ìbídùn rò pé ọkọ òun ti yí padà. Ó tiẹ̀ ń fi í yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìkórè ni nǹkan yíwọ́. Àwọn akọrin ń ṣe ìdánrawò, Láyíwọlá jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ó ní àdúrà lòun wá gbà. Bí Ìbídùn ṣe gbé ohùn sókè níbi tí orin ti dùn jù, ni wọ́n bá mú iná lọ. Gílóòbù kú. Ṣùgbọ́n ohùn Ìbídùn ṣì ń jáde nínú sípíkà, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi pòórá.

Láyíwọlá gbọ́ ọ kedere. Iná lọ, ohùn ìyàwó òun ò lọ. Ó pe Kànmbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ẹ̀rín bojú, ó bi í pé kí ló fà á. Kànmbí tí kò fura ní ohun kan wà nínú ámúpù tí wọ́n ń pè ní kàpásítọ̀, ó rí bí agolo kékeré. Ó ní bí iná bá ń wọlé, á máa gbà lára rẹ̀ pamọ́. Bí iná bá lọ, á máa tú èyí tó pamọ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn kì í fi já lójijì. Iná ni Kànmbí ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jowú kì í gbọ́ ju ohun tó ń bà á lẹ́rù lọ. Ohun tí Láyíwọlá gbà lọ́kàn ni pé ohùn ìyàwó òun ló wà nínú agolo yẹn, àti pé Kànmbí ló ń gbé àpótí ámúpù náà mọ́ àyà relé ní gbogbo Sátidé. Ó dá a lójú pé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé e sí.

Ọjọ́ ìkórè pé. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ jáde sábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣeré. Bàbá Ajíbóyè náà wá, wọ́n sì ti fi itan adìẹ dá a lọ́lá. Wọ́n gbé sípíkà ńlá kan kọ́ sórí igi náà, ṣùgbọ́n ámúpù wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn pẹpẹ, níbi tí wọ́n kó ọrẹ ìkórè sí. Iṣu wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, àgbébọ̀ adìẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, agbada epo pupa kan sì wà nílẹ̀. Láyíwọlá yọ́ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ yọ nínú àpò agbádá.

Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó mọ̀ pé iná ń pani. Ó kọ́kọ́ fa wáyà ámúpù yọ lára ògiri, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Máìkì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, wọn ò tíì pa á. Lójú ẹsẹ̀, ó tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà, ó ní, "Kànmbí, olè ni ẹ́. Wàá pọ ohùn ìyàwó mi lónìí."

Sípíkà orí igi ọ̀dán kéde pé olè ni Kànmbí, gbogbo àdúgbò gbọ́. Ó ní wàá pọ ohùn ìyàwó mi, ohùn ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó máa fi dé orí ọ̀rọ̀ 'lónìí', ó ti dà bí ẹ̀fọn létí. Òkèlè dúró sẹ́nu àwọn èèyàn. Bàbá Ajíbóyè gbé itan adìẹ sílẹ̀, nítorí ó mọ ohùn àna rẹ̀. Ìbídùn náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn dìde, wọ́n kọrí sí ẹ̀yìn pẹpẹ, Kànmbí ló ṣáájú nítorí ẹ̀rọ rẹ̀.

Láyíwọlá ò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ó ti fi ẹnu sísọ́ọ̀sì tú ìdérí ámúpù, ó sì rí agolo méjì tí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú iná inú wọn kò tó nǹkan, èyí tó kù síbẹ̀ ló pọ̀. Ó ti sísọ́ọ̀sì bọ àárín ẹsẹ̀ ọ̀kan, ó fẹ́ fi hú u.

Ó dún gbàù. Iná kọ mànà, ẹnu sísọ́ọ̀sì yọ́, Láyíwọlá fò sẹ́yìn, ó fìdí jókòó sínú agbada epo. Adìẹ já okùn, ó fò lé e lórí. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ṣílẹ̀kùn, gbogbo owú tó ti ń gbé mì sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní eyín Kànmbí ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀ tó bá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò fẹ́ràn irùngbọ̀n rẹ̀, òun ò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní àdúrà tí òun ń gbà fún ẹgbẹ́ akọrin nílé kò ju pé kí Kànmbí padà sí Ìbàdàn. Pásítọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo etí Jókẹ́.

Kànmbí bi í bóyá ó yọ ẹ̀rọ lára iná kó tó ṣí i. Láyíwọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó ní òun yọ ọ́.

"Yíyọ nìkan ò tó," Kànmbí wí. "A lè yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kí iná má tíì kúrò lára ẹ̀rọ."

Bàbá Ajíbóyè wo ámúpù, ó wo àna rẹ̀. "Ẹ̀rọ wo lò ń wí, Kànmbí? Ṣé ti orí tábìlì ni, àbí èyí tó jókòó sínú epo?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Jókẹ́, ẹ búra fún mi pé ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára yín." Ọkọ rẹ̀ ń nu epo lára agbádá. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìbídùn pọn Jókẹ́, ó tẹ̀lé Bàbá Ajíbóyè lọ sílé.

Ṣùgbọ́n kí Bàbá tó kúrò níbẹ̀, ó dúró wo Kànmbí níṣẹ́, torí agolo kejì ṣì kún. Kànmbí fi wáyà méjì so gílóòbù kan mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gílóòbù náà tàn, ó ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, ó kú. Ó ní bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀ nìyẹn tí kò fi ní gbá ẹnikẹ́ni. Ó dúró díẹ̀, ó tún fi irin kan ẹsẹ̀ agolo náà wò, ó sì tún ta pín-ín. Ó ní ó máa ń fi díẹ̀ pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Bàbá mi orí.

Nígbà tí Láyíwọlá wá sílé Bàbá láti bẹ̀bẹ̀, Bàbá ní kó jókòó, kó sọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìpariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ewúrẹ́ jẹ lọ, ewúrẹ́ jẹ bọ̀, ó ṣì ń sọ. Bàbá sùn, ó jí, ó bá a lórí ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n Kànmbí. Nígbà tó wá kan ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Bàbá, ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ó ń pọnmi lódò, ó ń kọrin. Kànmbí lè gbé ohùn yẹn dé gbogbo ìlú. Èmi ò lè bá a gbe ẹsẹ orin kan. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ìbídùn gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó nu ojú, ó sì lọ gbé báàgì rẹ̀.

Bàbá họ àgbọ̀n. Ó ní, "Kànmbí ní kí n kí ọ." Ìpéǹpéjú òsì Láyíwọlá fò. Bàbá ní kí Ìbídùn gbé báàgì sílẹ̀, kí àna òun sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Bàbá tún ní Kànmbí kí i. Láyíwọlá ní kí wọ́n bá òun kí i padà. Ìpéǹpéjú ò fò, ètè ò gbọ̀n. Bàbá súre fún wọn. Láyíwọlá fúnra rẹ̀ ru báàgì, Ìbídùn pọn Jókẹ́, inú wọn ń dùn lọ.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ìdí ọsàn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kí Láyíwọlá tó dúró. Ó rọra yíjú padà.

"Bàbá, ẹ dákun, níbo lẹ ti rí Kànmbí tó fi ní kẹ́ ẹ kí mi? Ṣé ó máa ń wá síbí ni?"

Bàbá ò tiẹ̀ dìde lórí àpótí. "Ìbídùn," ó wí, "gbé báàgì yẹn wọlé padà."

Ìbídùn padà sílé ọkọ rẹ̀ nígbẹ̀yìn o, kí ẹ má baà máa ro ibi. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí Láyíwọlá bá fọwọ́ sọ́yà pé owú ti tán lára òun, ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jiyàn. Á fa àpótí sún mọ́ ọn, á ní kó jókòó kó máa sọ ọ́, nítorí a lè yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kí iná má tíì kúrò lára ẹ̀rọ.