Àwòrán Yasuji Tí Kò Nímú

Ṣé òkú máa ń dá ojú ara rẹ̀ mọ̀? Mo ń képe Búdà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, síbẹ̀ n kò tíì rí ìdáhùn. Ọ̀la làwọn òkú ń bọ̀ wálé fún àjọ̀dún wọn. Ìyá Fusae, aládùúgbò mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun. Yasuji ọkọ rẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí kó tó kú, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò láyé rẹ̀. Ìyá wá bẹ Tatsuki, ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀, pé kó ya àwòrán tí wọn yóò gbé sẹ́nu ọ̀nà, kí bàbá má baà ṣìlé. Tatsuki gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síwájú wa.

"Ìyá, ẹ wò ó."

"Mo ń wò ó. Imú dà?"

"Ewì kúkurú ilẹ̀ wa kì í ju sílébù mẹ́tàdínlógún lọ. Àwòrán tèmi náà, ìlà mẹ́tàdínlógún péré. Mo ti lò ó tán."

"Kí lo lò ó sí?"

"Ewì gbọ́dọ̀ dárúkọ ìgbà tó wà nínú ọdún. Mo fi mẹ́sàn-án ya ewé tó ń fi ìgbà yìí hàn."

"Ewé! Ṣé ewé ni mo bá gbélé fún ogójì ọdún ni?"

"Ibi tí ò sí nǹkan yẹn gan-an lẹwà ẹ̀ wà. Ọkàn òǹwòran ló máa parí ẹ̀."

"Ó dáa. Tó o bá fẹ́ jẹun, màá gbé abọ́ òfìfo síwájú ẹ, kí ọkàn ẹ parí ẹ̀."

Tatsuki na ìka sí àwòrán náà. "Tí mo bá yọ etí kan, màá rí ìlà fi ya imú."

"Má fọwọ́ kan etí! Kí ló máa fi gbọ́ tí mo bá ń bá a jà?"

Ìyá bínú yí sí pẹpẹ àwọn òkú tó wà nínú ilé rẹ̀. Ó ki igi ìṣáná mẹ́rin bọ ikùn kùkúmbà kan, ó gbé e dúró.

"Kí nìyẹn, Ìyá?"

"Ẹṣin tó máa gbé e wálé ni. Àbí o ò lójú ni?"

"Orí ẹ̀ dà?"

Ìyá yí ẹṣin náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ìrù ńkọ́?"

"Yasuji mọ̀ pé ẹṣin ni! Ọdọọdún nìyá ẹ̀ ń ṣe irú ẹ̀."

"Igi mẹ́rin ni tiyín. Ìlà mẹ́tàdínlógún ni tèmi."

Ìyá wo kùkúmbà, ó wo tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó gbé àwòrán náà sẹ́nu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ó sì rọra tẹ̀ sí etí mi.

"Ìwọ tó o máa ń bá Búdà sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́, ní kó bá mi sọ fún Yasuji: tó bá rí ilé tí ọkùnrin tí ò nímú wà lẹ́nu ọ̀nà, ilé wa nìyẹn. Kó wọlé. Kó má wo ti ewé yẹn."