Etí Gbọ́, Ọ̀rọ̀ Ò Dé

(Yàrá ìyẹ̀wò etí ní ilé ìwòsàn kan. Wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé. Gíláàsì pín yàrá sí méjì. Lápá kan ni Ayẹtíwò wà, ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi ẹ̀rọ yẹ etí wò. Lápá kejì ni Bàbá Oníwáyà, tó ti ń fa wáyà iná sílé onílé láti ìgbà èwe rẹ̀. Ìyàwó bàbá jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báàgì aṣọ. Ó bá ọkọ rẹ̀ wá o, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀.)

AYẸTÍWÒ: Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Kí ló gbé yín wá, sà?

BÀBÁ: Ìyàwó mi ni. Ó ní mò ń fojú di òun. Ó ní kò sí ohun tó ṣe etí mi, pé bí òun bá ti ń sọ̀rọ̀ ni ọkàn mi máa ń rìnrìn àjò.

AYẸTÍWÒ: Ṣé ẹ kì í gbọ́ wọn ni?

BÀBÁ: Mò ń gbọ́! Bí jẹnẹrátọ̀ àdúgbò kejì bá wúkọ́, mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ohùn ìyàwó mi ń dé etí mi dáadáa. Àfi bí omi bá ń já nílé ìdáná, tí fáànù sì ń yí. Ohùn á dé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á ti dànù sọ́nà.

AYẸTÍWÒ: Báwo ló ṣe máa ń rí?

BÀBÁ: Lọ́jọ́sí, ó wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun ṣubú ní balùwẹ̀. Mo ní kó bá mi kí i kú oríire.

AYẸTÍWÒ: Áà!

BÀBÁ: Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nítorí náà, ọmọ mi, tètè yẹ̀ mí wò, kí o jáde lọ sọ fún un pé etí ọkọ rẹ̀ pé. Etí kì í bàjẹ́ nínú ìran wa.

AYẸTÍWÒ: Ó dáa. Ẹ fi ìbòtí yìí bo etí méjèèjì. Bí ẹ bá ti gbọ́ “pí”, bó ti wù kó kéré tó, kí ẹ tẹ bọ́tìnì yẹn.

BÀBÁ: Bọ́tìnì kẹ̀? Súìsì ni iṣẹ́ mi. Gbé “pí” rẹ wá.

(Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára èjìká Ayẹtíwò tó ń tẹ ẹ̀rọ lódìkejì gíláàsì. Èjìká bá gbéra, bàbá á tẹ̀ ẹ́.)

AYẸTÍWÒ: Bàbá, etí yín mà dá ṣáṣá o!

BÀBÁ: Mo ti wí fún ọ.

AYẸTÍWÒ: Ó ju ti ọmọ tuntun lọ.

BÀBÁ: Ìran wa nìyẹn.

AYẸTÍWÒ: Ẹ tiẹ̀ ń gbọ́ ohun tí kò dún. Mo ti pa ẹ̀rọ tipẹ́, sà. Èjìká lásán ni mò ń gbé.

(Bàbá wo bọ́tìnì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé bọ́tìnì ló tàn án.)

BÀBÁ: Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í dúró kí iná gbé e kó tó mọ ibi tí iná wà.

AYẸTÍWÒ: Bàbá, ẹ ń jíwèé wò!

BÀBÁ: Ta ló ń ṣe ìdánwò tí kò fẹ́ yege?

AYẸTÍWÒ: Ó ti yé mi. Ẹ ti yege. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá màmá níta. Màá sọ fún wọn pé etí yín pé pérépéré.

BÀBÁ: Bẹ́ẹ̀ ni. Sọ ọ́ kó dún.

AYẸTÍWÒ: Pé kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tí ẹ kò gbọ́.

BÀBÁ: Ẹyọ kan kò sí.

AYẸTÍWÒ: Pé ẹ gbọ́ ọ yékéyéké pé ẹ̀gbọ́n wọn ṣubú.

BÀBÁ: Bẹ́ẹ̀... dúró ná.

AYẸTÍWÒ: Pé ẹ gbọ́ ọ tán pátá, kí ẹ tó ní kí wọ́n bá yín kí i kú oríire.

BÀBÁ: Jókòó, ọmọ mi.

AYẸTÍWÒ: Mo ti dìde, sà.

BÀBÁ: Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó!

(Ó ti di “ẹ” lójijì. Ọ̀ràn ní ọ̀nà tó fi ń kọ́ àgbà ní ẹ̀kọ́ ilé.)

BÀBÁ: Ẹ rí báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níta yẹn? Ìyàwó mi ló rán ọmọ wa sí mi nítorí rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ mí wò tí wọ́n ní etí mi dá, á jẹ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Láti ibí yìí ló máa gba ilé àkọ́bí wa lọ, kò sì ní padà.

AYẸTÍWÒ: Ẹ sì jókòó síbí, ẹ ń tẹ bọ́tìnì kí etí yín lè dá!

BÀBÁ: N kò rò ó débẹ̀! Mo ṣáà rí ìdánwò ni. Dókítà, ẹ ní etí mi ti di. Ẹ ní ó di pátápátá.

AYẸTÍWÒ: N kò ní parọ́ pé ó dá, n kò sì ní parọ́ pé ó di.

BÀBÁ: Ilé dákẹ́, dókítà. Bí mo bá wọlé, màá bá oúnjẹ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò ní sọ pé kú àbọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá nìkan gbé ilé yẹn.

(Ayẹtíwò fà á jáde lẹ́yìn gíláàsì, ó sì mú un lọ síbi ibùsùn kan nínú yàrá náà.)

AYẸTÍWÒ: Ìdánwò kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè jí wò. Màá kọ́kọ́ ki nǹkan kékeré yìí sí ihò etí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ó dùbúlẹ̀, màá lẹ wáyà mọ́ yín lórí. Ẹ ò ní tẹ nǹkan kan.

BÀBÁ: (ojú rẹ̀ tàn) Wáyà? Èwo ló ń gbé iná níbẹ̀? Èwo ni áàtì tó ń gbé iná lọ sílẹ̀?

AYẸTÍWÒ: Áàtì ni ti iwájú orí yìí.

BÀBÁ: Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Áàtì tí kò bá jókòó, ilé á jó.

AYẸTÍWÒ: Bàbá, ẹ pa ojú dé. Orí yín nìyí, kì í ṣe ilé.

(Ẹ̀rọ ń dún tí-tí-tí létí rẹ̀. Bàbá la ojú kan, Ayẹtíwò fi ìka pa á dé padà. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dákẹ́.)

AYẸTÍWÒ: Ó ti parí. Bàbá, etí yín dá.

BÀBÁ: Mo gbé! (Ó fò dìde pẹ̀lú wáyà lórí.)

AYẸTÍWÒ: Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán! Etí fúnra rẹ̀ dá, ó ń gba ohùn wọlé. Iṣan tó ń gbé ohùn láti etí lọ sí ọpọlọ ni kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ségesège ló ń gbé e. Ohùn á dé, ọ̀rọ̀ á ti fọ́. Bí ariwo mìíràn bá tún wà ńlẹ̀, ó pin nìyẹn.

BÀBÁ: (díẹ̀díẹ̀) Iná ń bẹ. Gílóòbù pé. Wáyà àárín ló ń já, tó ń so.

AYẸTÍWÒ: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà.

BÀBÁ: Á jẹ́ pé n kò fojú di ìyàwó mi.

AYẸTÍWÒ: Rárá, sà.

BÀBÁ: Òun náà kò sì purọ́ mọ́ mi.

AYẸTÍWÒ: Rárá, sà.

BÀBÁ: A dúpẹ́. Ó yá, ẹ fa wáyà tuntun.

AYẸTÍWÒ: Èyí kì í ṣe wáyà tí a lè pààrọ̀, bàbá.

BÀBÁ: Ẹ gé e níbi tó ti bàjẹ́, ẹ so ó, ẹ fi téèpù dúdú wé e.

AYẸTÍWÒ: Nínú orí?

BÀBÁ: Mo ti so wáyà nínú àjà tí ejò ń gbé!

AYẸTÍWÒ: Dókítà etí máa kọ́kọ́ ya fọ́tò inú orí yín, kí a lè mọ̀ bóyá nǹkan kan ń tẹ iṣan náà. Mi ò sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ o. A kì í fi irú rẹ̀ sílẹ̀ láìwò ni. Nílé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pariwo mọ́ yín, ariwo kò ràn án lọ́wọ́. Bí màmá bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ pa fáànù, ẹ ti omi, kí ẹ kọjú sí wọn, kí ẹ máa wo ẹnu wọn.

BÀBÁ: Ẹnu nìkan?

AYẸTÍWÒ: Bí ẹ bá wo ojú díẹ̀ mọ́ ọn, kò ní pa yín lára. Ẹ̀rọ kan sì tún wà. Màmá á fi máíkì kékeré kọ́rùn, ẹ̀yin á ki tiyín sétí. Ibi yòówù kí wọ́n wà nínú ilé, ohùn wọn á máa bọ̀ tààrà.

BÀBÁ: Máíkì! Dókítà, ìyàwó mi lẹ fẹ́ fún ní máíkì?

AYẸTÍWÒ: Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bá yín sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹ ò fẹ́?

(Bàbá ronú lọ, ó ronú bọ̀.)

BÀBÁ: Kí bátìrì rẹ̀ pẹ́ o.

(Ayẹtíwò jáde lọ ṣàlàyé fún màmá. Bàbá lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn nípọn. Ayẹtíwò wọlé padà.)

BÀBÁ: Kí ló wí? Ṣé ó ti gbé báàgì?

AYẸTÍWÒ: Ẹ lọ wò ó fúnra yín, sà.

(Bàbá jáde. Níta, ọmọ ń ké, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ. Ilẹ̀kùn pa dé. Kò pẹ́ tó tún fi ṣí: bàbá ló sáré wọlé, omi ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì gba gbogbo ẹnu rẹ̀.)

AYẸTÍWÒ: Bàbá, kí ni màmá sọ?

BÀBÁ: N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, dókítà! Ojú rẹ̀ le, ó ń ju ìka sókè sódò, ẹnu rẹ̀ kò dúró!

AYẸTÍWÒ: Kí ló wá ń pa yín lẹ́rìn-ín?

BÀBÁ: Èmi ló ń bá wí!