Ọjọ́ tí Rọ́bà Olórí Pẹ́pẹ́yẹ Há Mọ́ Mi Nídìí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á ni. Ẹ ń pa á níbi ìgbéyàwó, ẹ ń pa á níbi ìpàdé mọ̀lẹ́bí, ẹ sì ń mi orí bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Èmi tí mo wà níbẹ̀ rèé. Ì bá wù mí kí n má sí níbẹ̀.

Bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ sọ pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí mi, kó dákẹ́. Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kó bọ́ síwájú kó wá sọ ọ́.

Ìbídùn lorúkọ mi, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní àdúgbò wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kànga ni wọ́n ń gbẹ́. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, dókítà ní kí wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́, ni wọ́n bá gbẹ́ adágún omi kan sẹ́yìn ilé wa, èyí tí gbogbo yín ń pè ní púùlù. Fúnra wọn ni wọ́n to táìlì rẹ̀. Ẹyọ kan wọ́ nínú wọn, mo sọ fún wọn, wọ́n ní ojú mi ló wọ́. Oṣù méje péré ni wọ́n lò ó kí ọlọ́jọ́ tó dé. Títí di òní, tí mo bá wo omi yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni, wọ́n lọ wá tówẹ̀ẹ̀lì.

Mi ò fẹ́ kí ibẹ̀ dahoro, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yá a fáwọn tó bá fẹ́ ṣeré lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì ló kọ́kọ́ wá. Ẹ̀yin èèyàn mi! Orin ń mi fèrèsé jìgìjìgì. Ìgò ń fò kọjá ògiri bọ́ sínú ọgbà Alàgbà Ọládẹ̀jọ, tí wọ́n jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, tí wọ́n sì tún jẹ́ díákónì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí sípàdé.

Alàgbà ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ẹ̀bẹ̀. A ó da yanrìn sí ihò yẹn."

Ihò! Ohun tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara wọn tò. Lójú mi, ńṣe ni wọ́n fẹ́ sin ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti ṣáájú mi. Mo ní, "Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ máa bá níbẹ̀, ọlọ́dún méjì, ọlọ́dún mẹ́ta, àwọn àtìyá wọn àti bàbá wọn. Àwọn ìdílé gidi."

Alàgbà ní, "Ó dáa. Tó bá di Sátidé kejì tí mo bá rí ọmọ kan nínú omi yẹn, ọmọ kan péré o, mo gbà fún yín. Tí mi ò bá rí i, típà yanrìn ń bọ̀."

Ẹ̀yin náà, kí ló ṣòro níbẹ̀? Ọmọ kan péré. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Apá kan wà nínú púùlù yẹn tí omi ibẹ̀ ò kọjá orúnkún ọmọdé, ibi tí ọkọ mi máa ń jókòó sí na ẹsẹ̀. Mo fi ọ̀pá yí i ká kí ọmọ kankan má baà kọjá síbi tó jìn. Mo ra rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, irú èyí tí ọmọ ń kó sínú ẹ̀ kó má baà rì, tí wọ́n ṣe orí pẹ́pẹ́yẹ sí níwájú. Mo kọ ìwé pélébé: Ẹ MÚ ỌMỌ YÍN WÁ LÚWẸ̀Ẹ́ LỌ́DỌ̀ NỌ́Ọ̀SÌ, ÌPÁNU WÀ. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo ń pín in. Àwọn ìyá ọmọ á kúnlẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n á ní "Ẹ ṣé mà," wọ́n á sì yára bá tiwọn lọ.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ìdílé mẹ́fà wá. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo wo bí wọ́n ṣe múra. Ọmọ kan wọ súwẹ́tà, ó dé fìlà òtútù, ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ jẹ́ méjì-méjì, nínú oòrùn tó ń hó epo lórí páànù! Ìyá kan ní ọmọ òun ń hu eyín lọ́wọ́. Òmíràn ní ìyá ọkọ òun ti sọ pé omi tí ò bá ti ń ṣàn, ó lẹ́ni tó ni ín. Ìyá àgbà kan ti ọwọ́ bọ omi, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní kí n lọ se omi gbígbóná wá dà sí i kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́.

Mo ní, "Ìyá, ìkòkò wo ló máa tó o?"

Ó ní, "Ìyẹn ò kàn mí. Ìwọ lo ní ìpánu wà."

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó fún mi nírètí. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè. Mo ní háà, ó ti yá! Àfi bó ṣe lọ ṣí búùtù ọkọ̀ ẹ̀ tó gbé korobá jáde. Ó bu omi púùlù kún un, ó gbé ọmọ ẹ̀ sórí koríko, ó fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn wẹ̀ ẹ́ mọ́ tónítóní, ó nù ún, ó fi àdí pa á lára. Ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé mà. Omi yín dáa, ó ń mú ọṣẹ hó." Ọmọ kankan ò fẹsẹ̀ kan omi lọ́jọ́ náà.

Sátidé kejì dé. Ìdílé mẹ́sàn-án wá, wọ́n jókòó yí púùlù ká bí ẹni wá kí olókùú. Aago mẹ́wàá lù, Alàgbà Ọládẹ̀jọ wọlé. Típà yanrìn dúró lẹ́nu géètì, awakọ̀ ẹ̀ ò tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Alàgbà wo omi, wọ́n sì wo aago ọwọ́ wọn.

Mo bẹ àwọn ìyá ọmọ. Mo ní kí ló dé? Ìyá Àńjọlá ló fèsì. Èmi ni mo gbẹ̀bí Àńjọlá yìí ní ọdún méjì ààbọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ṣé rọ́bà yìí dá yín lójú, mà? Tí ò bá lè gbé ọmọ ńkọ́?"

Mo ní, "Tó bá gbé èmi, ṣé kò ní gbé ọmọ tìrẹ?"

Ẹ wo ara mi. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ má tijú, èmi ti tijú tán. Yúnífọ́ọ̀mù funfun mi ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí mo rò pé tí wọ́n bá rí i, ọkàn wọn á balẹ̀. Mo ki orí bọ rọ́bà, mo ki ọwọ́ kan, mo ki èkejì. Nígbà tó dé àyà, ó dúró. Bàbá oníkorobá tún wá lọ́jọ́ náà, ó tún gbé korobá ẹ̀ dání. Mo gba ọṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi pa ara, mo fa rọ́bà wálẹ̀. Fìrì! Ó bọ́ sí ìdí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbé àyà síwájú, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó jìn.

Kí n tó ṣẹ́jú, ẹsẹ̀ mi ti wà lókè, mo ti fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ìjàpá tí wọ́n yí dànù. Atẹ́gùn kó sínú yúnífọ́ọ̀mù, ó wú bí tìmùtìmù. Rọ́bà gbé mi lóòótọ́ o, ó sì ń gbé mi yípo. Mo yí kọjá níwájú Alàgbà lẹ́ẹ̀kíní, mo yí kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì."

Mo rá pálá mú àkàbà irin tí wọ́n ń gbà jáde. Mo ní ẹ̀sín tó, kí n kúkú máa lọ sílé. Mo gun ìgbésẹ̀ kan, mo gun èkejì, rọ́bà bá há sáàárín irin méjèèjì. Mi ò lè gòkè, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ojú mi kọjú sí ilé. Ohun tó kọjú sí àwọn àlejò tó jókòó lódìkejì, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́.

Obìnrin méjì fà mí lọ́wọ́, rọ́bà ń han bí ilẹ̀kùn tó fẹ́ òróró. Awakọ̀ típà pa ẹ́ńjìnnì, ó wá wòran. Ó ní kí wọ́n so okùn mọ́ mi kí òun fi típà fà mí jáde. Bàbá oníkorobá ní òun lọ́bẹ nínú ọkọ̀. Mo figbe ta! Kì í ṣe torí ara mi nìkan. Bí wọ́n bá gún rọ́bà yẹn lójú àwọn ìyá ọmọ, ta ló tún máa gbé ọmọ sínú ẹ̀ láyé? Mo ń pariwo, "Ẹ má gún un! Yéè! Ẹ má gún un o!"

Ìyá Àńjọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi. Ó wò mí lójú, ó fohùn tútù sọ pé, "Ẹ má pariwo, mà. Nígbà tẹ́ ẹ ń wọ̀ ọ́, ṣé ẹ pè wá?"

Ẹ̀yin abiyamọ tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Tèmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó ń rọbí: "Má pariwo! Nígbà tó ń dùn mọ́ ọ, ṣé o pè wá?" Àìmọye obìnrin ni mo ti sọ ọ́ fún. Mo rò pé àwàdà ni. Mo gbójú sókè, mo wo àwọn ìyá mẹ́sàn-án yẹn, mo rí i pé márùn-ún nínú wọn ti kọjá lọ́wọ́ mi. Wọ́n wolẹ̀, wọ́n ń fi eyín há ètè. Ìgbà náà ló tó yé mi ìdí tí wọ́n fi ń gba ìwé lọ́wọ́ mi tí wọ́n ń yára lọ. Kì í ṣe omi ni wọ́n ń bẹ̀rù, ẹnu mi ni. Ojú tì mí dé ìsàlẹ̀ ikùn, bó ti wù kí rọ́bà fún un tó.

Mo ní, "Ìyá Àńjọlá, dárí jì mí."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbẹ̀bí yín ná. Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta."

Ìdérí tí wọ́n ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sí rọ́bà yẹn ti há sáàárín rọ́bà àti èmi, lẹ́yìn, nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti tu ú, ó parí. Ìyá Àńjọlá ki ìka bọ̀ ọ́, kò wọ̀ ọ́. Bàbá oníkorobá fi ọṣẹ pa ọwọ́, kò wọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn ní kí Alàgbà gbìyànjú, Alàgbà ní díákónì làwọn.

Àfi Àńjọlá. Ọwọ́ ọmọ yẹn ò ju ṣíbí lọ. Ó ń fò sókè, ó ń pariwo, "Èmi! Èmi fẹ́ ṣe é!" Ó na ọwọ́ láti orí ilẹ̀, kò tó o rárá. Ní apá ibi tó ti lè tó o, omi jìn níbẹ̀. Àfi kí ẹni tó ga wọnú omi gbé e dání, nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ga tó Alàgbà Ọládẹ̀jọ. Wọ́n wò wá, a wò wọ́n. Wọ́n bọ́ aago fún awakọ̀ típà, wọ́n bọ́ fìlà lé e, wọ́n sì wọnú omi tòun ti bùbá àti ṣòkòtò, ó mù wọ́n dé àyà. Wọ́n di ojú wọn pinpin, wọ́n gbé Àńjọlá sókè.

Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó rí ìdérí. Ó tu ú.

Ariwo tó jáde níbẹ̀, mi ò ní í ṣe é fún yín. Ẹ mọ ohun tó jọ. Ó sì pẹ́ kó tó tán. Ọmọ kékeré kan nawọ́ sí mi, ó ní, "Mọ̀mí, Ìyá Nọ́ọ̀sì só!"

Ẹ̀rín bú gbàù láàárín àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n já kúrò lọ́wọ́ ìyá wọn, wọ́n sáré bọ́ sínú omi kékeré, wọ́n ń dojú bọ omi, wọ́n ń fi ẹnu ṣe irú ariwo náà. Súwẹ́tà wọnú omi, ìbọ̀sẹ̀ wọnú omi. Àwọn ìyá wọn tẹ̀ lé wọn tìrótìró, bàbá oníkorobá fò wọlé tòun ti korobá. Èmi já bọ́ lórí àkàbà, gbàmù, mo bọ́ sómi.

Awakọ̀ típà ní, "Bàbá, ṣé kí n da yanrìn yìí?"

Alàgbà wà nínú omi, Àńjọlá ń fi ẹsẹ̀ ta omi sí wọn lójú, kò gbà kí wọ́n gbé òun jáde. Wọ́n wo ọmọ mẹ́rìnlá nínú omi kékeré. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní, "Kó o dà á síbo? Ṣé orí mi ni?" Típà bá yí padà.

Púùlù ọkọ mi wà níbẹ̀ dòní. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn ìdílé ń kún un, ẹnu géètì ni mo máa ń dúró sí bẹ ìyá tó bá ti kọjá lọ́wọ́ mi rí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dárí jì mí. Àwọn ọmọ wọn ni ò dárí jì mí. Tí wọ́n bá ti rí mi, àní ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé ẹ máa há lónìí?"

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí Alàgbà ròyìn bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n wúkọ́, wọ́n wò mí. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọn ò lè fẹnu pe ìdí nọ́ọ̀sì láàárín àgbààgbà. Wọ́n wá ohun mìíràn tó tóbi nísàlẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tó yẹ kí ọwọ́ gbà wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ohun tí a rí kọ́ ni pé: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.