Ọjọ́ Tí Alága Wá Gbọ́ Ìwé Kíkà

Alága ìgbìmọ̀ àdúgbò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé, àwọn ọmọ ọ̀hún kò sì ní ohùn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ara wọn le. Wọ́n mọ̀wé. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, èyí tó kéré jù nínú wọn sì lè ka ìwé olójú-ewé ogójì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó gba ohùn lẹ́nu wọn ni obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹ-Dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Ẹ-Dákẹ́ ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe olùtọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé ńlá tó wà láàárín ìlú. Níbẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀, wọ́n á béèrè ẹni tó ni ín. Òun àti olùtọ́jú ìwé kan tó jẹ́ àbúrò fún un lẹ́nu iṣẹ́ ló pinnu láti máa fi Sátidé wọn ran àwọn ọmọ àdúgbò lọ́wọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Ẹ-Dákẹ́ ń pe ẹnìkejì yìí ní Àbúrò. Àwa náà á máa pè é bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ yá wọn ní yàrá kan tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí. Oṣù mẹ́fà ni. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, Alága á wá. Bí àwọn ọmọ bá mọ̀wé kà, yàrá di ti ilé ìkàwé títí lọ. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n kà, àwọn àga tó ti kán á padà sílé.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹ-Dákẹ́ fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn kí ó má baà dún. Ó fi àkísà di ẹsẹ̀ gbogbo àga. Ó ní bàtà kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tí ikọ́ bá ń gbé á kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè, á rọra jáde, á wúkọ́ rẹ̀ níta, á padà wọlé, á jókòó. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀fìnkìn kì í fi í sílẹ̀. A lè sọ pé ìta ló ti kàwé.

"Ojú la fi ń kàwé," ló máa ń wí fún wọn. "Ẹnu lè bá ojú rìn, ṣùgbọ́n kó má mú ohùn dání."

Kí ó lè dá a lójú, ó gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó pín in kálẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbé tirẹ̀ síwájú ẹnu, á máa kàwé lọ. Bí pépà bá mì fẹ́ẹ́, ọmọ yẹn ti pariwo. Á padà sí ojú-ewé kìíní.

Àbúrò gbìyànjú láti dá sí i lẹ́ẹ̀kan.

"Mà, ọmọdé ni wọ́n. Ṣé kò yẹ kí wọ́n máa kà á sókè, kí ahọ́n wọn lè yọ̀?"

"Àbúrò, ṣé ọjà la kó wọn wá ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Gbé pépà síwájú ẹnu ìwọ náà."

Ó gbé e.

Ní oṣù kẹrin, bàbá kan tó ń tẹ ìwé kó páálí ìwé méjì wá ta wọ́n lọ́rẹ. Inú bàbá yìí dùn débi pé ó ní kí àwọn ọmọ fi ohùn rara kí òun. Wọ́n kí i. Gbogbo ohùn tí wọ́n ti ń tọ́jú láti oṣù mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbòòòò! Fèrèsé gbọ̀n. Ìyá Ẹ-Dákẹ́ kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Bí bàbá náà ṣe jáde, Ìyá Ẹ-Dákẹ́ dojú kọ àwọn ọmọ.

"Láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá wọlé wá tó ní kẹ́ ẹ gbóhùn sókè, ìdánwò ni. Ẹ má gbà fún un."

Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ na ọwọ́ sókè. Ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sórí pépà, ó gbé e sókè: Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, mà?

"Tó bá jẹ́ èmi," ni Ìyá Ẹ-Dákẹ́ wí, "ìdánwò tó le jù nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn.

Oṣù kẹfà pé. Lẹ́tà dé: Alága yóò wá gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé. Àbúrò fi ìka lé orí lẹ́tà náà.

"Mà, wọ́n kọ 'gbọ́' síbí."

"Mo rí i."

"Kí ló máa wá gbọ́?"

Ìyá Ẹ-Dákẹ́ wo àwọn ọmọ. Mẹ́tàlélógún ẹnu ló ń lọ sókè sódò, bíi ti ẹja nínú ìkòkò dígí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́fà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú yàrá náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó kù kẹ́ ẹ mọ Alága. Ogójì ọdún ló fi dúró ti ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun. Ohùn àgbà ṣì ń wọ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún un.

"Baálé mi, ẹ lọ rí dókítà elétí. Ohùn ọmọdé ló máa kọ́kọ́ sọnù. Ọmọ-ọmọ yín kí yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí."

"Kò kí mi dáadáa ni."

Nítorí pé ìyàwó ní láti gbóhùn sókè kó tó lè bá a sọ ọ́, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Alága sì ti búra níwájú ìgbìmọ̀ pé etí òun dá ṣáṣá, àti pé ọjọ́ tí kò bá dá mọ́ ni òun máa dìde lórí àga. Láti ọjọ́ náà ni igbákejì rẹ̀ ti ń jókòó sún mọ́ àga ọ̀hún.

Sátidé dé. Alága wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó síwájú. Ọmọ aránṣọ dìde pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

"Ọmọ mi, kà á sókè kí n gbọ́," ni Alága wí.

Ọmọ wo Ìyá Ẹ-Dákẹ́.

"Kà á sókè, ọmọ dáadáa," ni Ìyá Ẹ-Dákẹ́ wí. "Fi ohùn sí i."

Ọmọ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìdánwò tó le jù ti dé. Ó ṣí ìwé, ó ṣí ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà.

Ó ka ojú-ewé kìíní. Ó ka ìkejì. Ó ń ju ọwọ́ níbi tó yẹ, ó ń di ojú níbi tí ìtàn ti bani lẹ́rù. Mo sọ fún yín, kò sí ọmọ tó kàwé dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kò sí ohùn kankan.

Alága na ọrùn. Ó yí etí ọ̀tún síwájú. Ó yí tòsì. Ó wo Ìyá Ẹ-Dákẹ́, ìyẹn ti dorí kodò. Ó wo Àbúrò. Àbúrò ń wo ètè ọmọ, ó ń mi orí ní gbogbo ìgbà tí gbólóhùn bá parí, nítorí ọmọ kò ṣi ọ̀rọ̀ kan kà.

Ojú Alága yí padà. Àwọn yòókù ń gbọ́.

Ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí mi orí òun náà.

"Ó dáa," ló wí nígbà tí ọmọ jókòó. "Ohùn rẹ̀ já gaara."

Ìyá Ẹ-Dákẹ́ gbé orí sókè.

"Ẹ gbọ́ ọ, sà?"

"Kí ló dé tí n kò ní gbọ́ ọ?" Ohùn Alága le díẹ̀. "Ṣé ẹnì kan sọ pé n kì í gbọ́ràn ni?"

"Rárá o, sà."

"Kí gbogbo wọn jùmọ̀ kà á."

Mẹ́tàlélógún ọmọ dìde. Mẹ́tàlélógún ẹnu là. Wọ́n kà á pọ̀, wọn kò sì fi ara wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tí a gbọ́ ni ojú-ewé tí wọ́n ń ṣí. Fẹ́ẹ́. Fẹ́ẹ́. Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn.

Alága fi ọwọ́ kan àyà. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Ó tó, ó tó. Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ fẹ́ dí mi létí."

Kò béèrè ìbéèrè kankan lọ́wọ́ wọn. Ó wọ bàtà òdì, ó sì lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé. Ìyá Ẹ-Dákẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó nà án sí Àbúrò. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

"Yàrá ti di ti ilé ìkàwé títí lọ. Ṣùgbọ́n Alága, ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá, jẹ́rìí pé ariwo àwọn ọmọ náà kọjá ohun tí ènìyàn lè fara dà. A kìlọ̀ fún olùtọ́jú ilé ìkàwé kí ó kọ́ wọn bí a ṣe ń dákẹ́. Aládùúgbò tó sún mọ́ wọn jù ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ariwo ti ń dínkù."

"Mà, wọ́n fún wa ní yàrá," ni Àbúrò wí.

"Mo rí i."

"Kí ló wá dé tí ẹ fajú ro?"

"Wọ́n ní mo ń pariwo."

Aládùúgbò tó sún mọ́ wọn jù ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lọ́jọ́ Ajé ni. Panẹlibítà ni, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń fi òòlù na ara mọ́tò tó bá tẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ẹ-Dákẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn mọ́tò kan ló dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀. Gbà. Gbà. Gbà. Ó dúró títí ọkùnrin náà fi rí i, ó sì na lẹ́tà náà sí i pẹ̀lú ìwé tó máa fọwọ́ sí.

Panẹlibítà gbé òòlù sílẹ̀. Ó nu ọwọ́. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó ronú díẹ̀, ó wá fi àánú wo obìnrin náà.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, màmá," ló wí. "Ọmọdé ni wọ́n. Mo ti ń fara dà á."

Ó sì fọwọ́ sí i.