Ọwọ́-Wúrà Kò Fẹ́ Ẹ̀rọ

Ní gbogbo ilé ìwòsàn náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ọwọ́ ara rẹ̀ tó Ọwọ́-Wúrà, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ àyà. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà. Ọwọ́-Wúrà, ọkọ ọ̀bẹ, àna abẹ́rẹ́, a-ṣí-àyà-bí-ẹni-ṣí-fèrèsé.

Nígbà tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró wẹ́dà kan, jórinjórin tí èéfín ti ba tirẹ̀ jẹ́, ó pe àwọn oníròyìn. Ó ní kí wọ́n jókòó sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa wo òun nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó wẹ́dà náà wà láàárín wọn.

Lókè, Màmá Oorun, dókítà àgbà tó ń kun àwọn aláìsàn lóorun, gbà á nímọ̀ràn. "Ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ ẹ̀rọ látìbẹ̀rẹ̀, kó bá a mí, kó bá a ti ẹ̀jẹ̀. Ọkàn ọkùnrin yìí ti rẹ̀."

"Kí àwọn oníròyìn lè kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ló ṣe é? Màmá, kìnnìún kì í fi ọ̀pá rìn."

"Ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ni kìnnìún gbé dání."

Màmá Oorun ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá síbẹ̀. Ọwọ́-Wúrà ní kí wọ́n faṣọ bò ó, kó má bàa hàn nínú àwòrán.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń gé, ó ń sọ̀rọ̀ sínú máìkì ọrùn aṣọ rẹ̀: "Ẹ wo àtàǹpàkò yìí, ẹ wò ó dáadáa." Ó dí iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àkọ́kọ́. Kò pẹ́, ọkàn wú bíi bọ́ọ̀lù, ẹ̀jẹ̀ kò lọ geere mọ́, èékánná aláìsàn dú bí aró.

Ọwọ́-Wúrà ṣẹ́jú sí oníkámẹ́rà tó ń ya iṣẹ́ náà pé kó pa kámẹ́rà. Àwòrán lọ. Máìkì kò lọ, àmọ́ òun kò mọ̀.

"Màmá, ẹ gbà mí. Ẹ tan ẹ̀rọ náà. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí aṣọ yẹn."

Màmá Oorun ká aṣọ náà sọ nù. Wọ́n ki túùbù bọ iṣan itan. Ẹ̀rọ ń fa ẹ̀jẹ̀ dúdú, ó ń dá a padà ní pupa. Bí ẹ̀rọ ṣe dé ni ẹ̀rọ̀ dé. Ọwọ́-Wúrà wá rán ẹ̀dọ̀fóró tuntun méjèèjì dáadáa. Ká má purọ́, ó mọ iṣẹ́. Ẹnu ni kò mọ̀ ọ́n pa.

Ó wẹwọ́, ó fín lọ́fínńdà, ó wọ gbọ̀ngàn. "Ọwọ́ méjì yìí náà ni. Ẹ̀rọ kankan kò débẹ̀."

Oníròyìn kan gbé gègé sókè. "Dókítà, aṣọ yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n padà ṣí i?"

Ẹ̀rín bẹ́. Ìyàwó wẹ́dà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, omijé ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà, ẹ rán ọkọ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tí ẹ ń bẹ̀. Màmá tí ẹ ń pè yẹn, níbo ni mo ti lè rí wọn? Mo fẹ́ lọ kúnlẹ̀ kí wọn."

Ọwọ́-Wúrà ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Àgbọ̀n ló fi júwe ilẹ̀kùn fún un.

Obìnrin náà jáde. Àwọn oníròyìn gbé kámẹ́rà wọn, wọ́n rọ́ tẹ̀lé e, ó ku dókítà àti àwọn àga.