Ọjọ́ Tí Mo Gbé Etí Òkun Gíríìsì Wá sí Odò Idaw

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi lọ bá àwọn àgbà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé n kò gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Ní Enugu ni, lọ́dún 1966, lọ́jọ́ kejì Àjíǹde. Ọjọ́ yẹn ni mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, wọ́n ní kí n dìde, mo kọ̀. Gbogbo ìjọ Yorùbá tó wà nílùú náà ló gbé ìròyìn ìrẹ̀lẹ̀ mi káàkiri. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ irú ìrẹ̀lẹ̀ tó jẹ́.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà nílé iṣẹ́ pákó kan ní Emene, lẹ́bàá Enugu. Ará Gíríìsì ló ni ín, ọkùnrin sanra kan tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Kósítà. Ó gbé kàlẹ́ńdà kan kọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀, tó ní àwòrán etí òkun erékùṣù tí wọ́n ti bí i: omi tó dà bí aró, iyanrìn funfun, àwọn èèyàn tó nà gbalaja sínú oòrùn bí ẹja tí wọ́n sá. Ọdún inú kàlẹ́ńdà náà ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò. Bí iṣẹ́ bá dákẹ́ lọ́sàn-án, a máa sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń lo ọjọ́ kan níbẹ̀, ojú rẹ̀ á sì lọ jìnnà. Mo mọ̀ pé ilé ló ń sọ ọ́. Èmi náà kò rí Ìjẹ̀bú láti bí ọdún méjì.

Jùmọ̀kẹ́ ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Olùkọ́ ni. Gáàdì rélùwéè ni bàbá rẹ̀, ẹni tó ń fi àsíá sọ fún ọkọ̀ ojú irin pé àkókò tó láti gbéra, òun náà ló sì ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìjọ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bá Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn mi wá tọrọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n wò mí láti orí dé bàtà tí wọ́n sọ pé, "A ó máa wò ó." Mo mọ ohun tí wọ́n ń wò. Mo fẹ́ràn tíì aláràbarà nígbà yẹn, mo sì máa ń sọ gẹ̀ẹ́sì níbi tí kò ti sẹ́ni tó bi mí. Ì bá má burú, àmọ́ Bàbá ti fẹ̀yìn tì, gbogbo ilé wọn sì ń kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí oṣù náà tó parí. Bí Bàbá kò bá gbà kí ọkọ̀ ojú irin yẹn tó gbéra, Jùmọ̀kẹ́ ń lọ nìyẹn, ó sì dá mi lójú pé àwọn ọkùnrin wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tí Jùmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ sọ ló kó mi sí wàhálà. Ó ní, "Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Bàbá mi ti ń bá rélùwéè ṣiṣẹ́. N kò rí i kí wọ́n jókòó sinmi rí." Bí mo ti gbọ́ ìyẹn, kàlẹ́ńdà Ọ̀gá Kósítà ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní n ó fún Bàbá ní ọjọ́ ìsinmi kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Gíríìsì. A kò ní òkun ní Enugu, ṣùgbọ́n odò Idaw ní iyanrìn.

Mo bá lọ jókòó ti Ọ̀gá Kósítà pẹ̀lú bébà àti bírò. Ó pè é fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ́ bí ìwé ilé ẹjọ́. Èkíní, tètè dé, nítorí bí aago mẹ́sàn-án bá lù, kò sí àyè mọ́. Èkejì, tẹ́ aṣọ ìnura rẹ sílẹ̀, kí ayé mọ̀ pé ibẹ̀ ti ní olówó orí. Kí o gbé agbòjò ńlá. Kí o fi òróró para. Kí o lúwẹ̀ẹ́, kí o sùn, kí o jẹun, kí o tún sùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ tú àpótí, ó fà ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ tó gbé wá láti ìlú rẹ̀ yọ. Kúkúrú ni, dúdú ni, ó sì ń rùn bí kánfọ̀. Èèyàn méjì bí èmi lè gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní okùn níwájú. Mo dúpẹ́ títí.

Chukwuma tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ka bébà mi. Ó ka ibi tí mo kọ "sùn sínú oòrùn" lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "My brother, you wan black pass this one wey you black so?"

Ṣùgbọ́n ó gbà láti bá mi gbé ẹrù. Irú ọ̀rẹ́ tó jẹ́ nìyẹn, yóò kọ́kọ́ fi ọ́ ṣẹ̀sín ná, yóò tó ru ẹrù rẹ.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Bàbá, wọ́n yọ awò ojú wọn. "Gíríìsì? Ṣé kì í ṣe àwọn ará Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù kọ ìwé sí nìyẹn? Àkọ́kọ́ ò tó wọn, ó tún kọ èkejì. Àwọn lo fẹ́ ká lọ wo àwòkọ́ṣe wọn?" Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ló gbà mí, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ rí omi kí àwọn tó kúrò nílùú yìí. Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Aago mẹ́wàá."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà, èmi àti Chukwuma ti dé odò. A gbé àga mẹ́rin àti agbòjò ńlá ìjọ dání, èyí tí wọ́n fi ń ṣíji bo àlùfáà níbi ìsìnkú. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ ìnura mẹ́ta sílẹ̀, mo rọra tò wọ́n, mo sì ń rẹ́rìn-ín sínú pé Ọ̀gá Kósítà mọ ohun tó ń sọ. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin alágbàfọ̀ fi dé pẹ̀lú bàsíà. Wọ́n fọ, wọ́n fún, wọ́n wá ń sá a. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, aṣọ ibùsùn ti bo gbogbo iyanrìn náà, ìkan tilẹ̀ gun orí aṣọ ìnura mi. Mo lọ bá ìyá kan, mo ṣàlàyé fún un pé mo ti gba ibẹ̀.

Ó ní, "Take am from who? Na hotel be this?"

Mo padà sí abẹ́ agbòjò, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò mi, mo tẹ́ wọn sórí iyanrìn, mo wọ ṣòkòtò Ọ̀gá Kósítà, mo so okùn rẹ̀ ní kókó mẹ́ta. Ó ku òróró. Ọ̀gá ní òróró ólífì, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ólífì para nígbà tí òróró ẹ̀pà wà lọ́jà? Mo fi para dáadáa. Mo wá dùbúlẹ̀ kí n fi dánra wò kí àwọn àlejò tó dé, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo dìde, iyanrìn ti yí mi lára bí ẹja tí wọ́n fẹ́ dín. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, èèrà gbọ́ òórùn ẹ̀pà.

Bí mo ṣe sáré bẹ́ sódò nìyẹn. Mo bẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń bẹ́ ẹ nínú àwòrán, orí síwájú. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni, omi náà kò ju orúnkún lọ. Àyà mi ló gbá ilẹ̀, ìdí mi sì lọ há sára kùkùté kan. Mo gbọ́ nǹkan tó ya. Nígbà tí mo dìde, okùn oníkókó mẹ́ta yẹn ti já, ṣòkòtò náà sì ń bọ́ sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níwájú, mo jáde lọ síbi tí mo tẹ́ aṣọ mi sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ foo. Ìyá alágbàfọ̀ ti kó aṣọ rẹ̀, ó kó tèmi mọ́ ọn, ó ti gba ọ̀nà òkè lọ tòun ti bàsíà lórí. Àwọn aṣọ ìnura náà bá a lọ.

Chukwuma ò lè dúró dáadáa fún ẹ̀rín. Mo ní, "Abeg, run!" Ó sáré tẹ̀ lé obìnrin náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gáàdì rélùwéè kì í pẹ́, kì í sì í yá. Mo gbójú sókè, mo rí Bàbá tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn. Ìyá tẹ̀ lé wọn, Jùmọ̀kẹ́ gbé agbọ̀n oúnjẹ. Igbó wà lẹ́yìn mi, kò jìnnà. Mo wo igbó, mo wo Bàbá. Ojú wa ti ṣe mẹ́rin. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tí yóò kọ ẹ̀yìn sí wọn? Bẹ́ẹ̀ bí mo bá dúró láti kí wọn, ọwọ́ wo ni n ó fi di ṣòkòtò mú? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn, mo fi ara mọ́ ilẹ̀ pinpin, ilẹ̀ sì bá mi di ṣòkòtò náà mú.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n wà níbí, sà."

"Mo ní kí o dìde."

"Bàbá, n kò lè dìde."

Mo ń wo bàtà Bàbá nìkan, bàtà dúdú tí wọ́n ti nù tó ń dán. Mo gbọ́ ẹ̀rín Jùmọ̀kẹ́ tó fi ọwọ́ bò mọ́ ẹnu. Ìyá wá sún mọ́ mi, wọ́n bọ́ ìborùn èjìká wọn, wọ́n rọra tẹ́ ẹ lé mi nídìí, wọ́n ní oòrùn ti ń mú. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní ìyá gidi nìyí.

Bàbá wo ọmọ wọn, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Nítorí ọmọ yìí lo ṣe wà nílẹ̀?"

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ra òróró ẹ̀pà. Mo ní, "Nítorí rẹ̀ ni, sà."

"Kọ ìwé sí àwọn èèyàn rẹ ní Ìjẹ̀bú. Kí wọ́n wá bá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́." Wọ́n wá gbàdúrà lé mi lórí. Èmi ń ṣe àmín sínú iyanrìn, èèrà ń rìn lẹ́sẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni Ìyá ní kí gbogbo wọn yíjú sí odò kí wọ́n wo bí omi ṣe mọ́ tó. Wọ́n wò ó pẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń wò ó ni Chukwuma ti yọ láti inú igbó, ó ju ṣòkòtò mi sí mi. Mo ní Ọlọ́run mi kì í sùn.

Bàbá sinmi lọ́jọ́ náà. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi. Lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n sùn lórí àga lábẹ́ agbòjò ìsìnkú, aago ọwọ́ wọn wà nínú bàtà. Jùmọ̀kẹ́ ń wò wọ́n, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn. Mo mọ̀ pé ohun tí Bàbá fún mi, ẹlòmíràn ni wọ́n fún, ọmọ rere onírẹ̀lẹ̀ kan tí kò sí níbẹ̀.

Mo gbé e mọ́ra títí di ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Ní ibùdókọ̀ rélùwéè, tí wọ́n ti kó ẹrù wọlé tán, n kò lè fara dà á mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun sórí ilẹ̀ tó dúdú fún èédú. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Okùn ṣòkòtò mi ló já."

Bàbá tẹ̀ ba sí mi létí kí èrò má baà gbọ́. "Mo mọ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Iwájú lò ń fi pamọ́. Ẹ̀yìn ló ya, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí lo rò pé Ìyá rẹ fi ìborùn bò?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

"Dìde, ọmọ mi. Igbó wà lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i pé o wò ó. O ò sá. Ohun tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn." Wọ́n gbọn èédú kúrò láyà mi, wọ́n wọ ọkọ̀.

Kí ọdún náà tó parí, ìlú ti dàrú. Èmi náà di ẹrù mi, mo padà sílé. Chukwuma ló sìn mí dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀. Ó ní òun ń tọ́jú ṣòkòtò Ọ̀gá Kósítà, tí a ti sọ ní ṣòkòtò Kọ́ríńtì, pé nígbà tí mo bá padà dé, òun á ti bá mi rán an. N kò rí Chukwuma mọ́, mo sì bèèrè rẹ̀ títí lẹ́yìn ogun. Bí mo bá ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni ẹ̀rín náà máa ń dúró sí fúngbà díẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Gbogbo ètò tí mo kọ sí bébà ló bàjẹ́, ìgbà kan tí n kò kọ sílẹ̀, tí mo kàn dúró dípò kí n sá, òun ló fún mi níyàwó. Àti pé kí èèyàn má tan ara rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò rí òun. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀yìn ṣòkòtò mi wò. Jùmọ̀kẹ́ á yíjú sí ibòmíràn bí ẹni tó ń wo odò, èjìká rẹ̀ á sì máa mì.